Ìwé Tí Mo Pa Dé

Olótùú ọ̀wọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè sí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa.  

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé akọ̀wé ni mí lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti Itakpe lọ sí Warri. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Kì í ṣe irú mi ni ó yẹ kí ó máa kọ́ ènìyàn ní ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 tí ó mú mi kọ́ ohun tí n kò rò pé n óò kọ́ láyé, mo sì tipa rẹ̀ jẹ ẹnì kan ní gbèsè ẹ̀bẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì kan nílùú yìí. Ìwé mẹ́ta ni wọ́n ń kọ níbẹ̀. Ọmọkùnrin tí ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ ń kọ iye àpò tí ó wọlé àti iye tí ó jáde. Ọmọbìnrin tí ó jókòó níwájú ń kọ èyí tí ó tà. Ìyá fúnra wọn ní ìwé kékeré kan nínú báàgì wọn, níbi tí wọ́n ń kọ owó tí wọ́n san àti orúkọ àwọn tí ó jẹ wọ́n ní gbèsè. Ìwé kan kò mọ ohun tí ó wà nínú èkejì.

Ìyá ní kí n wá bá àwọn yẹ ìwé wò, nítorí èmi ni akọ̀wé ìdílé. Owó àpò 240 ni wọ́n san. Ìwé ọmọbìnrin iwájú sọ pé 190 ni a ti tà. Ó yẹ kí 50 kù. A wọ sítọ́ọ̀, a kà á, 20 péré ni a bá. Ọgbọ̀n àpò ti di àwátì.

Ọmọkùnrin sítọ́ọ̀ mú ìwé tirẹ̀ jáde. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé 210 ni òun gbà wọlé, 190 jáde, 20 kù. Mo wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, mo sì pa á dé. Mo ní olè tí ó gbọ́n ni kì í kọ èyí tí ó jí sínú ìwé. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀, n kò gbọ́. Nítorí pé bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wa, a gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹgbẹ́, a sì dárúkọ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Bàbá rẹ̀ kò wá sí ìpàdé mọ́.

Nígbà tí ó di Kérésìmesì ọdún náà, àbúrò ìyàwó mi, tí ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Èkó, wá bá wa ṣe ọdún. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ń sọ fún mi nípa ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ERP. Mo ní kò yé mi. Ó bi mí léèrè pé, “Bùọ̀dá, ká ní akọ̀wé méjì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin kan náà, tí olúkúlùkù sì ní ìwé àga tirẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?”

Mo ní èrò méjì yóò bá ara wọn lórí àga kan.

Ó ní, “Bí ó bá jẹ́ pé inú ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì ń kọ ọ́ sí ńkọ́?”

Mo ní bí ọ̀kan bá ti ta àga náà, èkejì yóò rí i pé ó ti lọ.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.”

Ẹ̀yin ará, bí mo ṣe gbọ́ ọ ni n óò ṣe sọ ọ́. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Enterprise Resource Planning. Ilé iṣẹ́ Gartner ní Amẹ́ríkà ni ó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1990, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti wà kí ó tó ní orúkọ. Ní ọdún 1972, ọkùnrin márùn-ún tí wọ́n fi iṣẹ́ IBM sílẹ̀ dá ilé iṣẹ́ SAP sílẹ̀ ní Jámánì. Nínú ètò bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rírà, iṣẹ́ títà, sítọ́ọ̀, owó oṣù àti ìwé owó dà bí yàrá púpọ̀ nínú ilé kan tí ó ní àká kan ṣoṣo. Bí ọmọ sítọ́ọ̀ bá gba ẹrù wọlé, lójú ẹsẹ̀ ni ẹni tí ń tà rí i. Bí ẹni tí ń tà bá tà, ẹrù dín kù ní sítọ́ọ̀, owó sì hàn sí akọ̀wé owó. Bí ó bá jẹ́ àwìn ni, orúkọ onígbèsè ni yóò hàn. Ọ̀gá á wo ojú kan, á mọ ohun tí ó ní, ohun tí wọ́n jẹ ẹ́, ohun tí òun náà jẹ, àti ọjà tí ó yẹ kí ó rà kí ó tó tán. Olúkúlùkù ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ètò náà sì ń pa orúkọ ẹni tí ó kọ nǹkan mọ́, pẹ̀lú wákàtí tí ó kọ ọ́.

Kì í ṣe ohun àjèjì sí ìlú yìí pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Lọ́kọ́jà mọ̀ nípa Royal Niger Company, tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fún ní ìwé àṣẹ ní ọdún 1886, tí wọ́n sì sọ àsíá rẹ̀ kalẹ̀ níbí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900. Ilé ìtajà wọn wà káàkiri etí Odò Ọya. Nígbà náà, kí ọ̀gá tó mọ ohun tí ó kù ní ilé ìtajà òkè odò, ìwé ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi. Lóde òní, ìjọba àpapọ̀ pàápàá rí i pé ìwé púpọ̀ a máa bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ní ọdún 2015 ni wọ́n pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba kó owó tí wọ́n ní káàkiri àwọn báńkì lọ sínú àkáǹtì kan ní Central Bank, èyí tí a ń pè ní TSA.

Ọ̀rọ̀ kan tí àna mi sọ ni ó gún mi lọ́kàn. Ó ní kí ilé iṣẹ́ àwọn tó sanwó ọjà, ètò náà máa ń fi ìwé mẹ́ta wé ara wọn: ìwé ohun tí a ní kí wọ́n kó wá, ìwé ohun tí sítọ́ọ̀ gbà ní tòótọ́, àti ìwé owó tí ẹni tí ó tajà ní kí a san. Bí wọn kò bá dọ́gba, a kò sanwó. A ó kọ́kọ́ béèrè. Ó ní, “Bùọ̀dá, ìwé sítọ́ọ̀ ni ẹ̀rí tí ó jù níbẹ̀.”

N kò sùn lóru ọjọ́ náà. Ìwé sítọ́ọ̀ ni mo pa dé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá Ìyá. Mo ní kí wọ́n bá mi mú ìwé ẹrù tí dẹ́rébà kó wá àti ìwé inú báàgì wọn. Ìwé ẹrù sọ pé 240 ni ó kúrò ní ilé iṣẹ́. Ìwé ọmọ náà sọ pé 210 ni ó dé sítọ́ọ̀. Mo ṣí ìwé inú báàgì. Ní ọjọ́ kan náà gan-an, Ìyá ti fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ pé bíríkìlà kan ní Ganaja gba àpò 30 láwìn. Wọ́n ń sáré lọ sí ìsìnkú nílé lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi pe dẹ́rébà lórí fóònù pé kí ó já ọgbọ̀n náà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Àpò wọ̀nyẹn kò fojú kan sítọ́ọ̀ rí. Wọ́n ti gbàgbé. Ìyá ká ọwọ́ lérí, wọ́n bú sẹ́kún.

Èmi àti Ìyá àti ìyàwó mi lọ sí ilé bàbá ọmọ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀. Bàbá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa. Ọmọ náà kò bínú sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó sọ fún mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ka ìwé mi.” Bàbá rẹ̀ wá ní, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ní gbangba ni a ti ba ọmọ òun lórúkọ jẹ́, ní gbangba ni kí a ti tún un ṣe. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ará, ọmọ náà kò jí ohunkóhun. Ìwé rẹ̀ nìkan ni ó pé nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi ni mo ṣẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun àti ìdílé rẹ̀ níwájú gbogbo yín.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀rọ ni yóò sọ wá di olódodo. Ẹni tí ó bá kọ irọ́ sínú rẹ̀, irọ́ ni yóò bá níbẹ̀. Kì í sì í ṣe ohun tí à ń fi ìwàǹwára ṣe. Ní ọdún 1999, ilé iṣẹ́ Hershey tí ń ṣe ṣokoléètì ní Amẹ́ríkà sáré gbé irú ètò yìí wọlé nígbà tí ọjà wọn ń yá jù. Ṣokoléètì wà nílé ìkẹ́rùsí, wọn kò rí i kó fún àwọn oníbàárà. Ọjà tí owó rẹ̀ ju 100 mílíọ̀nù dọ́là lọ ni wọn kò lè fi ránṣẹ́ lásìkò.

Ìyá kò lówó ètò ńlá. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ wà tí kò gba owó ìwé àṣẹ, bí Odoo láti Bẹ́líjíọ̀mù àti ERPNext láti Íńdíà. Àna mi fi ọ̀kan sórí kọ̀ǹpútà àlòkù kan fún wọn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi kọ ìwé àtijọ́ pọ̀ mọ́ ọn, títí ọwọ́ wọn fi mọ́ ọn. A sì ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn, nítorí omíyalé ọdún 2022 kò ní kí a má gbàgbé ohun tí omi fi ojú ìwé rí. Ọmọ náà ti padà síbẹ̀, òun sì ni ó ń kọ́ àwọn yòókù.

Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa náà rò ó. Àwọn tí ń gba owó oṣù wa ládùúgbò ní ìwé tiwọn, akápò ní tirẹ̀, akọ̀wé ní tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ wọ́n di ọ̀kan kí ìjà tó dé, kí á má baà tún dárúkọ ọmọ ẹlòmíràn.

Ní ìparí, Ọlọ́run fi ọmọbìnrin kan ta wá lọ́rẹ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa sọ ọ́ lórúkọ. Bí ẹ bá rántí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí ń kọ orúkọ àwọn tí ó mú ẹ̀bùn wá, òun náà ni. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kí ó bá mi kọ ọ́. Nígbà tí èrò túká, mo jókòó, mo sì ka ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.