Àwọn Ajalèlókun, Láti Ibi Tí Kò Sí Òkun

Ìyànà Ọ̀fà ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú. Òkun jìnnà síbẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta ṣájà, fíìmù tí wọ́n ṣì ń sanwó wò ní sinimá ti lè wà nínú mẹ́mọ́rì. Owó kíkì ni wọ́n ń gbà. Owó fíìmù, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú wọn, 'pirate', náà ló ń pe ajalèlókun.

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1722, Bartholomew Roberts, ajalèlókun ará Wales, já wọ èbúté Ouidah. Ó bá ọkọ̀ mọ́kànlá tó ju ìdákọ̀ró síbẹ̀. Ẹrú ni wọ́n wá kó. Ó ní kí ọ̀gá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan san ìwọ̀n pọ́n-ùn mẹ́jọ ẹbu wúrà, kóun tó yọ̀ǹda ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n san án, ó sì kọ rìsíìtì fún wọn. Olè tó ń kọ rìsíìtì ṣọ̀wọ́n.

Ọ̀gá ọkọ̀ Porcupine nìkan ló kọ̀, ó ní òun kì í bá olè dúnàádúrà. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹrú bí ọgọ́rin wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì. Ọ̀gá ọkọ̀ ní tirẹ̀ wà lórí ilẹ̀.

Nínú òfin ọkọ̀ Roberts, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta tẹ́tẹ́, àwọn iná gbọdọ̀ kú ní aago mẹ́jọ alẹ́, àwọn olórin sì ní ìsinmi tiwọn lọ́jọ́ Ìsinmi. Òun fúnra rẹ̀, tíì ni wọ́n ní ó fẹ́ràn.

Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Swallow, ló pa á nítòsí Cape Lopez ní Gabon, ní ọjọ́ 10 oṣù Èrèlé ọdún yẹn kan náà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán Swallow ni pé kó ṣọ́ ọ̀nà àwọn oníṣòwò. Wọ́n yẹgi fún méjìléláàádọ́ta nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní Cape Coast. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bá nínú ọkọ̀ kò rojọ́ rárá. Wọ́n tà wọ́n. Ọ̀gá Swallow di Sir.

Ní oṣù Igbe 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, Myrmidon, gba ọkọ̀ ẹrú kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò l'Ékòó. Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, wà nínú rẹ̀. Òun ló di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ní 1864. Ní 1824, òfin Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ajalèlókun ni ẹni tó bá kó ẹrú sójú òkun, ikú sì ni ìjìyà rẹ̀.

Àdéhùn àgbáyé ọdún 1982 lórí òkun: ẹni tó já ọkọ̀ gbà ní máìlì òkun mẹ́tàlá sí etíkun, ajalèlókun, ní máìlì mọ́kànlá, adigunjalè lásán. Ó sì gbọdọ̀ jẹ́ fún ète ti ara rẹ̀.

Ọ̀gá ọkọ̀ kan, Henry Morgan, kó ìlú Panama ní 1671. Wọ́n mú un lọ sí London bí ọ̀daràn. Ní 1674 ọba fi í joyè Sir, ó sì padà sí Jamaica ní igbákejì gómìnà. Ó wá ń lé àwọn ajalèlókun.

Òfin Nàìjíríà lórí ajalèlókun jáde ní 2019. Àwọn mẹ́ta tó kọ́kọ́ jẹ̀bi rẹ̀, ní Port Harcourt ní 2020, ti gba ọ̀kẹ́ mẹ́wàá dọ́là, ìyẹn 200,000, lórí ọkọ̀ kan. Adájọ́ bu ìtanràn ogún mílíọ̀nù náírà lé ẹnì kọ̀ọ̀kan. Dọ́là kan kò tó irinwó náírà ní báńkì nígbà náà.

Ìkìlọ̀ pé kí aráyé má ra ayédèrú ló máa ń ṣáájú fíìmù, nínú ayédèrú náà.

Àwọn tó ń gbé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì a sì máa tẹ orúkọ tiwọn sí igun àwòrán, kí ẹlòmíràn má baà jí i.