Ìgbòho: Ìlú Táwọn Ìjòyè Ọ̀yọ́ Ò Fẹ́ Fi Sílẹ̀

Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Ṣakí, tó gba Ṣẹpẹtẹrí, tó ń lọ sí Kìṣí, Ìgbòho ni yóò bá lọ́nà. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, koríko ju igbó lọ, igi ẹ̀mí àti igi igbá ló dúró káàkiri oko. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń ta òrí àti irú, ilẹ̀ ọjà yín nìyẹn. Àmọ́ ṣé ẹ mọ̀ pé olú-ìlú Ọ̀yọ́ ni Ìgbòho nígbà kan?

Àwọn Tápà ló fà á. Ní nǹkan bí ọdún 1535 ni wọ́n fọ́ Ọ̀yọ́-Ilé, tí Aláàfin Onígbogí sá wọ ilẹ̀ Bàríbà. Òfinràn tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ ń kó àwọn èèyàn bọ̀ nílé ni ikú dé. Ẹgúnojú ló wá tẹ Ìgbòho dó, tó sin òkú Òfinràn síbẹ̀. Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ ló tẹ̀ lé e. Johnson kọ ọ́ sínú ìwé bí ọkùnrin, àwọn tó gbọ́ ìtàn lẹ́nu àgbà ní obìnrin ni. Èdè wa náà ò ran ni lọ́wọ́: akọ ni o, abo ni o, "ó jọba" náà ni. Lẹ́yìn náà ni Ajíbóyèdé jẹ. Igbó Ọba tó wà nílùú náà ni wọ́n sin àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí.

Ọ̀rọ̀ dàrú nígbà Abípa, bí irinwó ọdún sẹ́yìn. Ó ní ó yá, ká padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè ò fẹ́. Wọ́n ti kọ́lé, oko wọn ti dáa, ta ló máa dá wọn lẹ́bi? Nígbà tọ́ba rán èèyàn lọ yẹ ilé wò, wọ́n yáa kó abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá àti arọ lọ sórí òkè ibẹ̀ lóru, kí wọ́n máa gbé iná kiri, kí wọ́n máa pariwo pé kò sáyè. (Ta ló bi àwọn yẹn léèrè bóyá wọ́n fẹ́ ṣe iwin?) Àwọn tọ́ba rán sá padà wálé: ọ̀rọ̀ ti gbalẹ̀!

Abípa ò bá wọn jiyàn. Ó rán ọdẹ mẹ́fà, wọ́n kó gbogbo iwin náà wá. Lọ́jọ́ Jàkúta, ó fi ọtí ránṣẹ́ sí ìjòyè kọ̀ọ̀kan. Iwin tí kálukú rán lọ ló gbé e wá fún un. Ẹnu wọn wọhò. Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀, ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ náà.

Wọ́n kó lọ lóòótọ́. Àmọ́ Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí 1835, Àtìbà sì lọ dá ààfin sílẹ̀ ní Àgọ́-Ọ̀jà, tó di Ọ̀yọ́ tòní. Inú ọgbà ẹranko ìjọba ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà báyìí. Ní Ìgbòho, wọ́n ṣì ń ná ọjà. Ẹni tó bá débẹ̀, kó béèrè Igbó Ọba, kó má kàn ra iṣu kó máa lọ.