Omi Tí Ń Kán ní Ilé Ìwẹ̀ Wa

Ìròhìn tí mo mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí ó bu ọlá fún mi. Ìyá àwọn ọmọ mi ni ó wí pé, bí mo bá ti lè jẹ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé, kò yẹ kí ojú tì mí láti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròhìn, nítorí irú ẹ̀rọ tí ó wà ní ilé wa ní Ìjànìkín wà ní ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín pẹ̀lú.

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ó ti kọjá ọgọ́rin ọdún, làkúrègbé sì ti mú orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Nígbà ọyẹ́ kò lè fi omi tútù kan ara rárá. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ra ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná, èyí tí àwa ará Èkó ń pè ní híta, ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Àgbá irin ni, ó gba lítà 50 omi, a gbé e kọ́ ara ògiri ní ilé ìwẹ̀, iná mànàmáná ni ó sì ń mú omi gbóná nínú ikùn rẹ̀.

Omi kànga ẹ̀rọ tí ó wà ní àgbàlá wa ní irin nínú. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á, ó mọ́ gaara. Bí ó bá sùn mọ́jú nínú garawa, ó ti pọ́n. Aṣọ funfun àwọn akọrin tí ìyàwó mi ń fọ̀ ni ẹlẹ́rìí mi. Nínú àgbá híta, ọ̀pá kan wà tí àwọn tí ó ṣe é fi síbẹ̀ kí ìpẹtà lè máa jẹ ẹ́ dípò àgbá fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí a máa tú u wò, kí a sì pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá jẹ tán. Fún ọdún mẹ́sàn-án èmi kò mọ̀ pé ọ̀pá kankan wà níbẹ̀. Ìpẹtà jẹ ọ̀pá tán, ó kọjú sí àgbá, ní oṣù kọkànlá omi pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sílẹ̀ lára ògiri.

Mo lọ sí ọjà Àlábá ní Ọ̀jọ́, tí gbogbo Èkó mọ̀ fún ohun èlò iná, mo sì ra òmíràn. Mo pe púlọ́ńbà kan tí a jọ wà nínú ìjọ kan náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì yé e. Ó fi hàn mí pé páìpù tí àwọn ti ìṣáájú lò kì í ṣe ti omi gbígbóná, nítorí ó ti rọ̀, ó sì ti tẹ̀ bí ẹ̀yìn arúgbó. Ó mú èyí tí a ń fi irin gbígbóná jó lẹ̀ mọ́ ara wọn wá. Ó so omi tútù mọ́ ẹnu tí a fi òrùka búlúù sàmì sí, ó sì so ti ilé ìwẹ̀ mọ́ ti pupa. Ní abẹ́ ti búlúù ni ó de fáàfù idẹ kékeré kan mọ́, tí ó ní ẹnu tóóró tí ó kọjú sí ilẹ̀.

Ẹnu tóóró yìí ni ó fa gbogbo ọ̀rọ̀. Ní alaalẹ́ tí a bá tan híta, omi a máa kán láti ibẹ̀, tó, tó, tó, sórí táìlì tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́. Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà padà. Ó ní, “Bàbá, kò bàjẹ́ o. Bí ó ti ń mí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi rọ́bà tín-ín-rín gbé omi rẹ̀ gba ojú fèrèsé jáde.” Mo ní èmi kò fẹ́ rọ́bà kankan lára ògiri mi, kí ó dí i pa. Mo sọ fún un pé ìyá mi lè yọ̀ ṣubú, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n táìlì náà ni ó wà lọ́kàn mi jù. Ìyàwó mi wí pé, “Olówó orí mi, ẹ jẹ́ kí ó ṣe é bí wọ́n ti kọ́ ọ.” Mo bi í léèrè bóyá òun ni ó san owó iṣẹ́. Ó dákẹ́. Ọmọkùnrin náà sì fi ìdérí irin dí ẹnu fáàfù náà pinpin.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ gbẹ, mo sì ń yangàn.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kìíní, ìyá mi wọ ilé ìwẹ̀, ó jókòó lórí àpótí rẹ̀. Híta ti wà ní títàn láti ọ̀sán. Ohun tí ó yẹ kí ó pa iná rẹ̀ nígbà tí omi bá gbóná tó ti lẹ̀ pọ̀, kò sì pa á mọ́. Ìyá mi ṣí ẹ̀rọ omi sínú garawa. Ooru àti omi híhó tú jáde papọ̀ pẹ̀lú ariwo, ó sì ta sí i lẹ́sẹ̀ òsì. Nígbà tí a dé ibẹ̀, àgbá náà ń kùn bí ìkòkò ẹ̀wà, ikùn rẹ̀ ti wú, páànù funfun tí a fi bò ó sì ti sán níwájú. Ìyàwó mi sáré pa iná. Aládùúgbò kan gbé àdí wá, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kọ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni ó fi ń da omi tútù sí ẹsẹ̀ ìyá mi kí a tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹsẹ̀ náà bó, ṣùgbọ́n kò jìn.

Ní ọjọ́ ìsinmi, gbogbo ìjọ ti gbọ́. Wọ́n ń wí pé púlọ́ńbà yẹn fẹ́ pa ìyá arúgbó. Mo jókòó láàrin wọn, mo gbọ́ ọ, èmi kò sì sọ nǹkan kan. Ìyá mi pàápàá ń gbàdúrà kí Ọlọ́run dárí jì í.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, àbúrò mi tí ó wà ní Amẹ́ríkà pè wá lórí fóònù láti béèrè àlàáfíà ìyá wa. Ó ní ilé kékeré kan tí ó ní táyà, tí ó máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ nígbà ìsinmi, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ híta inú rẹ̀ rí. Gáàsì ni ó ń lò, galọ́ọ̀nù mẹ́fà péré ni ó ń gbà, nǹkan bí lítà 23. Ó ní kí a fi àwòrán tiwa ránṣẹ́. Nígbà tí ó rí i, ó kígbe, “Bọ̀ọ̀dá mi, ta ni ó dí ẹnu fáàfù yìí?” Ó ṣàlàyé pé omi tí a bá gbé kaná ń wú, lítà 50 tí ó bá kúrò ní ìwọ̀n ooru 25 dé 70 yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 51. Fáàfù kò jẹ́ kí ó padà sínú páìpù tí ó gbà wọlé, a kò sì lè ká omi bí aṣọ. Ìwọ̀nba tí ó lé ni ó yẹ kí ó máa kán jáde. Ó ní nínú ilé kékeré tòun, ara ògiri ìta gan-an ni wọ́n kọjú fáàfù náà sí, kí ó lè máa kán sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìyàwó mi wò mí. Kò la ẹnu.

Mo ní, “Èmi ni.” Mo yíjú sí ìyá mi, mo tún un wí. Ó pẹ́ kí ó tó fèsì. Ó ní, “O sì jẹ́ kí n máa bẹ Ọlọ́run nítorí ọmọ ọlọ́mọ.” Ìyẹn nìkan ni ó sọ, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Kí n tó lọ sí ibi iṣẹ́, mo dé ilé ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Iṣẹ́ méjì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ wa. Mo dọ̀bálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó kéré sí àkọ́bí mi. Òun ni ojú wá ń tì. Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, mo bẹ àlùfáà kí ó fún mi ní àyè lẹ́yìn ìkéde, mo sì sọ bí ó ti rí.

Òun kan náà ni ó de híta kẹta mọ́ ògiri. Ó mú oníṣẹ́ iná wá kí ó yẹ wáyà tí ó wọ inú ilẹ̀ wò. Ó ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná, ó dúró títí ó fi dẹ́kun ìkọ́, tí omi ń dà geere, kí ó tó jẹ́ kí a tan iná. Ó ní bí àgbá bá ṣófo nígbà tí a tan án, irin inú rẹ̀ yóò jó. Ó fi rọ́bà sí ẹnu fáàfù, ó sì gbà á jáde lójú fèrèsé. Ìyá mi ti gbin efinrin sí abẹ́ ẹnu rọ́bà náà. Ní alaalẹ́, bí a bá ti tan híta, a mú ọ̀pá rẹ̀, a lọ sí ẹ̀yìnkùlé, a sì bẹ̀rẹ̀ láti wò ó bóyá ó ń kán.