Láti Ore dé Ayétòrò: Ọjọ́ Kan Lórí Omi Ìlàjẹ

Bí ẹ bá ti gba ojú ọ̀nà Èkó sí Bìní rí, ó ṣòro kí ẹ máà mọ Ore, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń lọ sí ìhà ìlà-oòrùn ti ń dúró kí èrò lè jẹun. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ogun Biafra dé ní oṣù kẹjọ ọdún 1967 kí wọ́n tó lé wọn padà, tó fi jẹ́ pé títí di òní, ìjà Ore ni àwọn àgbà fi ń ṣe àpèjúwe ohun tó bá le. Níbẹ̀ ni mo dàgbà sí, tí mò ń wo mọ́tò tó ń kọjá lọ sí ọ̀nà jíjìn, láìrò ó rí pé bí a bá kọjú sí gúúsù, òkun kò jìnnà sí wa.

Ìyá mi ń ta ẹja gbígbẹ àti edé ní ọjà Ore. Láti ilẹ̀ Ìlàjẹ ni ọjà rẹ̀ ti ń wá, lọ́wọ́ obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ẹlẹ́ja. Ìgbàkígbà tí mo bá ní mo fẹ́ tẹ̀lé Màmá lọ wo ìlú rẹ̀, èsì kan náà ni ìyá mi máa ń fún mi: “Ẹni tí kò mọ odò wẹ̀, kí ló ń wá lórí omi?”

Ní oṣù tó kọjá, Màmá fúnra rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ará Ore, ẹ ti ń jẹ ẹja wa láti ogún ọdún, ẹnì kan nínú yín kò tíì wá wo ibi tí a ti ń pa á. Ọmọ mi, bí o bá máa wá, tètè wá o, kí ilẹ̀ tó tán.” N kò lóye gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lọ́jọ́ náà.

A kúrò ní gáréèjì kí oòrùn tó yọ. A gba àárín oko kòkó àti ọ̀pẹ kọjá, a la Òkìtìpupa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ já, a sì gúnlẹ̀ sí Igbókòdá, níbi tí títì ti fi ọ̀rọ̀ lé omi lọ́wọ́. Èéfín ẹja àti òórùn bẹntiróòlù ló kí wa káàbọ̀ ní èbúté. Bí èrò mọ́tò ti ń pariwo “Bìní! Bìní!” ní Ore, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pariwo “Ayétòrò! Ugbónlá!” níbẹ̀. Wọ́n há ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì fún wa. Àwọn kan fi tiwọn ṣe tìmùtìmù, wọ́n jókòó lé e. Èmi so tèmi mọ́ àyà pinpin.

Omi náà dúdú bí omi àgbo. Igi ọ̀gọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pọn ògógóró tò sí etí rẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, ilé lórí òpó igi, omi yí wọn ká bí erékùṣù. A yà sí ọ̀kan, obìnrin méjì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àpò gaàrí. A yà sí èkejì, a gbé olùkọ́ kan. Ọmọdé kan tí kò lè ju ọdún mẹ́jọ lọ ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré kọjá, báàgì ilé-ìwé wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ilẹ̀ Karibéánì, àwọn olówó a máa háyà ọkọ̀ ìgbòkun, wọn a máa ti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn fún ìgbádùn. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ọ̀nà ọjà àti ọ̀nà ilé-ìwé ni.

Àmọ́ mo rí ìgbòkun níbẹ̀ pẹ̀lú. Àpò ìrẹsì ni wọ́n rán pọ̀ mọ́ra, afẹ́fẹ́ sì kún inú rẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín. “Ohun tí bàbá mi fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì dé, a gbàgbé rẹ̀. Nísinsin yìí tí epo ti wọ́n, àwọn kan ti ń padà sí i. Afẹ́fẹ́ kì í gba owó.”

Ní ọdún 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ Ayétòrò dó sí etí òkun Àtìláńtíìkì. Àpapọ̀ ni wọ́n fi ṣe ohun gbogbo: wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àpò kan náà ni owó ń wọ̀, inú àpò náà ni oúnjẹ àti aṣọ oníkálukú ti ń wá. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n ṣe bàtà àti ọṣẹ, wọ́n sì tan iná mànàmáná fúnra wọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan àtùpà. Ètò àpapọ̀ náà ti tú ká tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì ń fi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìyangàn.

Màmá mú mi dé etí òkun. Ó na ọwọ́ sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́, níbi tí orí òpó mélòó kan ti yọ síta. “Ibẹ̀ yẹn ni ilé ọkọ mi. Ilé tí a kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni òpó tó sún mọ́ wa yìí. Èyí tí mò ń gbé báyìí ni ẹ̀kẹta.” Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ ní Ayétòrò, àti ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn. Ìgbà náà ni mo tó mọ ìtumọ̀ “kí ilẹ̀ tó tán.” Mo béèrè bóyá kò ronú láti kó wá sí Ore. Ó wò mí. “Kí n wá máa pẹja lórí títì?”

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ tètè jí, nítorí ọkọ̀ kì í gbéra àyàfi tó bá kún. Ẹ mú owó lọ́wọ́, ẹ wọ ẹ̀wù yẹn, ẹ má jókòó lé e, kí ẹ sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ mú àwọn ọmọ dání, kí wọ́n rí ìlú náà nígbà tó ṣì wà.

Nígbà tí mo dé ilé, mo gbé ẹja tí Màmá fi ránṣẹ́ fún ìyá mi, mo sì sọ ohun tí mo rí. Ó dákẹ́ títí. Ó ń ṣa ẹja náà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú agbọ̀n.

“Ilé kẹta yẹn, báwo ló ṣe jìnnà sí omi tó?”

Mo ní kò ju ibi tí a jókòó sí dé ojú títì lọ.

Ó bo agbọ̀n náà. “Nígbà mìíràn tí o bá ń lọ, a jọ ń lọ ni.”