Ẹ́ńjìnnì Tó Gbóná Kí N Tó Dé
Jíìpù àlòkù náà, tó ń lo epo dísù, ń dán, owó rẹ̀ kò sì ju agbára wa lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó gbóná: ẹni tó ń tà á ti tan án kí n tó dé. Mo ní kí a jẹ́ kó tutù. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ó tún un tan. Èéfín aláwọ̀ búlúù bò wá. Ó ń jó ọ́ìlì.

Mo ro ti ẹṣin wa méjì, tí wọ́n wúwo tó 1,000 kílò, nínú tírélà wọn, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Wales. Mo padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ọmọ mi sunkún.

Lẹ́yìn oṣù kan, a ra èyí tí kò dán, tó lè fa 3,500 kílò, tí ìwé àtúnṣe rẹ̀ sì pé. Òwúrọ̀ ọjọ́ òtútù ni mo lọ tan án. Kò rú èéfín.