Idà Jálumi Tí Wọ́n Fi Hàn Mí ní Ìnísà

Ẹni tó bá dé Ìkìrun, Ìnísà tàbí Òkukù, tó sì béèrè ohun ìjà àtijọ́, kò ní pẹ́ gbọ́ orúkọ Jálumi. Ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1878 ni wọ́n ja ogun náà ní Ìkìrun. Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ló ṣáájú ogun Ìbàdàn tó ṣẹ́gun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Odò Òtìn ni àwọn ará Ìlọrin tó ń sá padà kó sí; ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Bàbá àgbà kan ní Ìnísà ló fi idà kan hàn mí. Wọ́n ní bàbá ńlá àwọn, ọmọ Òkukù tó sá wá sí Ìkìrun, ló fi í ja Jálumi. Oníṣòwò kan ti ń fi owó ńlá lọ̀ wọ́n, wọ́n sì fẹ́ kí èmi tí mo ń kọ́ni ní ìtàn kọ́kọ́ bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò.

Àkọ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Awọ rẹ̀ ti gbó, ó sì dúdú níbi tí ọwọ́ máa ń dì mú nìkan. Inú mi dùn sí èyí, nítorí gbogbo ara awọ ni aṣayédèrú máa ń pa láró bákan náà. Mo wo ìpáàrà. Èyí tí wọ́n fi omi iyọ̀ pè jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan máa ń pupa, a sì máa kù sí ọwọ́ ẹni bí ìyẹ̀fun. Ti ọjọ́ pípẹ́ a máa dúdú, a sì máa jẹ irin wọnú. Ti Bàbá dúdú. Mo gbé irin náà sí oòrùn. Lẹ́bàá èèkù ni mo ti rí lẹ́tà wẹ́wẹ́: “Made in Germany”.

Àyà mi já. Kì í ṣe pé irin Jámánì ṣàjèjì nílẹ̀ wa. Ó pẹ́ tí àwọn oníṣòwò ti ń kó irin idà Yúróòpù gba aṣálẹ̀ Sahara wá sí ilẹ̀ Haúsá, ìlú Solingen sì lókìkí nínú iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn gan-an ni ìṣòro. Òfin tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1887 lórí àmì ara ọjà ló sọ ọ́ di àṣà kí ọjà Jámánì máa ru ọ̀rọ̀ náà. Ọdún 9 ti kọjá lórí Jálumi nígbà yẹn! Àwọn tó ń kó ọ̀bẹ ológun Jámánì jọ náà kì í fi àmì ara irin ṣeré, nítorí ẹlòmíràn a máa ti irin tuntun bọ èèkù àtijọ́.

Ó ṣòro fún mi láti la ẹnu. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé irin yìí ló wà lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Rárá o. Bàbá mi sọ fún mi pé ti àkọ́kọ́ kán. Alágbẹ̀dẹ ló fi èyí rọ́pò. Èèkù ni a jogún.”

Mo tún èèkù wò. Lóòótọ́, igi rẹ̀ ti yọ̀ kọ̀rọ́kọ̀rọ́, ṣùgbọ́n ìṣó tó dì í mọ́ irin kò gbó tó o. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé Ìkìrun ni wọ́n ti pààrọ̀ irin náà, nítorí àwọn ará Òkukù ṣe àtìpó níbẹ̀ títí Kírìjì fi parí ní 1893. Mo sọ fún Bàbá pé kí wọ́n má tà á lórúkọ Jálumi, àti pé òfin ọdún 1979 kò fàyè gba kí a ta iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tó ti wà ṣáájú 1918 fún oníṣòwò lásán. Oríkì bàbá ńlá wọn ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí n gbà sílẹ̀.

Wọ́n gbà. Wọ́n ní kí n kọ ohun tí mo rí sórí ìwé kí àwọn ọmọ lè kà á. Mo kọ ọ́ pé: “Èèkù àtijọ́, irin tuntun.”

Bàbá mú gègé lọ́wọ́ mi. “Tíṣà, má kọ ‘tuntun’. Kọ ‘irin kejì’.”