Ohùn Orin, Ohùn Ọ̀rọ̀: Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti



Ìyá mi àgbà ní Ṣakí kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n etí wọn mú. Bí àwọn akọrin ìjọ bá ti dé ibi “ọ̀run” nínú orin tí a túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọn a béèrè pé ọrùn ta ni wọ́n tún ń kọrin sí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín ló wà lórí “ọ̀run”. Bí orin òyìnbó bá wá fà á láti òkè wálẹ̀, “ọrùn” ni etí gbọ́.

Ẹni tí ó tètè wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, tí a bí ní 1855. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí bàbá bàbá Fẹlá nìkan, èyí sì máa ń dùn mí díẹ̀: 1938 ni wọ́n bí Fẹlá, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí bàbá náà ti papòdà.

Ìjọ CMS ló sìn, wọ́n sì fi í jẹ díákónì ní 1895. Orin àwọn míṣọ́nnárì yé e dáadáa, nítorí ó ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé lórin. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń wàásù fún àwọn tí kò tíì gbàgbọ́, orin tí ó bá ohùn ọ̀rọ̀ wa mu ló ń kọ, irú èyí tí ará oko lè gbè lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá gòkè, orin a gòkè. Bí ó bá sọ̀, orin a bá a sọ̀. Ní 1922 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ orin 43 sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà náà!

N kò sọ pé kí a kó gbogbo orin àtúmọ̀ dànù. Èmi náà ń kọ ọ́. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé àwọn ọ̀dọ́ akọrin ní Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn ti tún ń túmọ̀ orin Amẹ́ríkà láti orí fóònù, wọn kì í sì í bi ọ̀rọ̀ léèrè ohùn rẹ̀. Mo ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mú ẹsẹ orin kan wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n fi àmì sórí rẹ̀, kí wọ́n sì fi ọfà ya ìrìn orin náà sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ dán an wò.